Òórùn Tí Bàbá Pín Tán ní Ìbàfò

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú àìrójú sùn. Orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kí yín yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí kápẹ́ẹ̀tì ilé onílé ni mo kúnlẹ̀ sí, tí kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì iwájú yàrá yín. Mo kí Bàbá, bí wọ́n bá mọ ẹni tó ń kí wọn tàbí wọn ò mọ̀. Mo kí Rúkáyá àbúrò mi, ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan kí ó lè wá ràn yín lọ́wọ́, tí yóò sì ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Lotto. Mo kí àwọn bàbá mọ́ṣáláṣí tí wọ́n jáde lọ wá Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn láìfi omi kan ẹnu. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n wá ẹni tiwọn tì.

Rúkáyá sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà ni ẹ ò ti fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní bí fóònù bá ti dún, tí ẹ rí i pé èmi ni, ẹ ó dìde, ẹ ó ní ẹ fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná, nígbà tí kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná. Ó ní ẹ sọ pé ojú ń tì yín, pé ohun kan ṣoṣo tí mo ní ni mo fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ò sì lè bá mi tọ́jú rẹ̀. Màámi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Mo sì fẹ́ kó jáde síta kí àwọn ẹlòmíràn kà á, nítorí àwọn kan wà ní agbègbè yín tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, tí wọn ò sì mọ̀. Ẹ má bínú bí mo bá ń sọ ohun tí ẹ ti mọ̀. Mo fẹ́ kó yé ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Òtútù ti wọlé níbí. Ọyẹ́ tiwa ṣì máa ń gbé òórùn eruku àti ti igbó jíjó wá. Ti Kánádà níbí, ńṣe ló ń pa òórùn kú. Ilẹ̀ ò rùn, igi ò rùn, ẹni tó dúró tì yín nínú bọ́ọ̀sì ò rùn. Bí ẹ bá fa imú, òtútù nìkan ló ń wọlé, á sì ta yín lórí bí ata. Láti ilé dé ibi iṣẹ́, n kì í gbóòórùn nǹkan kan títí mo fi máa ṣílẹ̀kùn ibi tí a ti ń fọ aṣọ.

Ẹ mọ̀ pé aṣọ ọsibítù ni à ń fọ̀. Aṣọ á wọlé pẹ̀lú òórùn ẹni tó lò ó: ti ẹ̀jẹ̀, ti ìtọ̀, ti oògùn, nígbà mìíràn ti ìpara tí aláìsàn kan ń lò láti ilé rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ ńlá yẹn á gbé wọn mì. Tí wọ́n bá fi máa jáde, kò sí òórùn ẹnikẹ́ni lára wọn mọ́. Ọ̀gá wa máa ń mú ọ̀kan nínú wọn, á gbé e sí imú, bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á mirí, á ní ó dáa. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. N ò kẹ́gàn rẹ̀, òun ni mo fi ń san owó ilé, òun náà ni mo fi ń ra oògùn Bàbá. Àmọ́ tí mo bá délé, tí mo bọ́ aṣọ tèmi, tí mo gbé e sí imú, ti ọṣẹ ibi iṣẹ́ ni mò ń gbọ́. Mo máa ń bi ara mi pé òórùn tèmi dà.

Nítorí náà ni ìgò lọ́fínńdà tí Bàbá fún mi ṣe jẹ́ ohun tó jẹ́ fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá jẹ́ fún àwọn tí wọn ò mọ̀ wọ́n. Tùràrí ni wọ́n ń tà ní ọjà Ìfọ̀, nítòsí ojú irin rélùwéè, kí wọ́n tó darúgbó, tí a fi kó wá sí Lotto ní Mówè nítorí ṣọ́ọ̀bù Rúkáyá. Àwọn obìnrin a máa wá ra èyí tí wọ́n ń jó sí yàrá, àwọn àáfáà a máa wá ra òróró olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi pa ara ní ọjọ́ Jímọ̀. Bí oníbàárà bá dé, Bàbá á ní kó na ọwọ́. Wọ́n á fi igi tín-ín-rín kan kán ẹ̀kán kan sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí oníbàárà náà bá fẹ́ gbé e sí imú lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ní rárá, rìn dé ojú irin, kí o rìn padà ná. Wọ́n ní lọ́fínńdà tí kò bá tíì mọ awọ ara ènìyàn, irọ́ ló máa ń pa fún un.

Ọ̀kan wà tí Bàbá ń pò fúnra wọn, tí wọ́n sì ń fi para. Kò ní orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Bàbá, ẹ bù fún mi nínú tiyín." Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni wọ́n máa ń pò ó, wọ́n á ti ilẹ̀kùn nítorí atẹ́gùn. Bí mo bá ní kí n ṣàpèjúwe rẹ̀, ó dà bí inú àpótí tí a tọ́jú Kùránì àtijọ́ sí, ó dà bí èèpo igi tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, lábẹ́ gbogbo rẹ̀, nǹkan kan wà tó dà bí èèpo ọsàn tí a sá sóòrùn. Màámi, òun ló wà lára ìborùn yín, nítorí ibi kan náà ni ẹ̀yin àti Bàbá ń kọ́ aṣọ sí. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń mọ̀ bóyá Bàbá wà nílé. Ìgbà tí èéyi mú mi, tí ojú mi wú tí n ò lè là á, Bàbá bọ́ fìlà wọn, wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí mi, wọ́n ní kí n má sọkún, àwọn ò kúrò níbẹ̀. Mo sùn. Ìgbà tí mo dàgbà ni ẹ tó sọ fún mi pé Bàbá lọ sọ́jà lọ́jọ́ yẹn, fìlà nìkan ló bá mi sùn.

Wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa ní iṣẹ́ náà. Wọ́n ní iṣẹ́ imú ni, kò sí ohun tí àwọn lè nawọ́ sí níbẹ̀ kí ọmọ wò ó. Wọ́n ní kí a lọ kàwé. A lọ kàwé.

Ìgbà tí mò ń bọ̀ níbí, Bàbá fi ìgò kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ sí mi lọ́wọ́. N ò fi para rí. Ọjọ́ Ìtúnnú àti ọjọ́ Iléyá ni mo máa ń ṣí i, tàbí ọjọ́ tí ọkàn mi bá bàjẹ́ jù. Mo máa ń ṣí i, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń dé e padà. Lẹ́ẹ̀kan yẹn, mo ti délé nìyẹn. Màá gbọ́ bí ẹ ṣe ń gbálẹ̀, màá gbọ́ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń kọjá. Kí n tó mí síta, ó ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Orúkọ àwọn oníbàárà àtijọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà mọ́ṣáláṣí sí ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èmi. Ọjọ́ kan tí a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, Bàbá yíjú sí Rúkáyá, wọ́n ní obìnrin yìí mà mọ ènìyàn kí o, ọmọ ta ni? Mo rẹ́rìn-ín lójú yín. Mo parí ìpè náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ mi, n ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣe. N ò lè wálé. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, bí mo bá jáde báyìí, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọlé mọ́, oògùn Bàbá náà á sì dúró.

Obìnrin àgbà kan wà níbi iṣẹ́ wa, ará Jàmáíkà ni. Mo sọ fún un. Ó ní ọkọ òun náà gbàgbé òun kó tó kú, àmọ́ lọ́jọ́ tí òun se oúnjẹ kan tí ìyá ọkọ náà máa ń sè, ó pe òun lórúkọ látinú yàrá, ó béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná. Ó ní imú ni ilẹ̀kùn tó máa ń gbẹ̀yìn tì. Màámi, ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Ohun tó wà nínú ìgò mi ò tó bù sí méjì. Ṣé kí n pa á mọ́ ni, àbí kí n fi ránṣẹ́? Mo rò ó títí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ wà ní Arépò ń lọ sílé lọ sìnkú ìyá rẹ̀. Mo fi aṣọ wé ìgò náà, mo fi ọ̀rá wé aṣọ, mo fà á lé e lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí Bàbá pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó mi.

Ọjọ́ tí ìgò náà dé ọ̀dọ̀ yín, Rúkáyá gbé fóònù dúró sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí n lè máa wò yín. Mo wà ní ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́. Ẹ ṣí ìgò náà, ẹ fẹ́ gbé e sí Bàbá nímú. Bàbá fà sẹ́yìn. Wọ́n ní kí ẹ gbé e jìnnà, wọ́n ní a kì í ti imú bọ ẹnu ìgò. Mo pariwo níbi iṣẹ́, gbogbo ènìyàn yíjú wò mí, torí gbólóhùn ọjà Ìfọ̀ nìyẹn! Bàbá gba ìgò lọ́wọ́ yín, wọ́n kán an sí ọrùn ọwọ́ ara wọn, wọn ò gbé e sí imú. Wọ́n dìde, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rìn padà. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì di ojú.

Wọ́n ní, "Ẹni tó po èyí, ọwọ́ rẹ̀ dá o. Ta ni?"

Ẹ kúnlẹ̀ síwájú wọn, ẹ ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá Kúdí. Ẹ̀yin lẹ pò ó."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Èmi kẹ̀? Ṣé mo lè po irú èyí ni?" Wọ́n tún gbé ọwọ́ sí imú. Wọ́n ní ẹni náà fi míísíkì sí i, àmọ́ kò jẹ́ kó pariwo. Wọ́n ní ó fi èèpo ọsàn gbígbẹ sí i. Wọ́n ní igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya. Mo wá nǹkan tí mo lè fi kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní nǹkan kan ṣì kù, òun ló so ìyókù pọ̀, àwọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "Ẹni tó pò ó nìkan ló lè sọ fún wa."

Rúkáyá yí fóònù sí wọn, ó ní Bàbá, ẹ wo Kúdí ọmọ yín. Wọ́n kí mi pé ẹ ǹlẹ́ o, ìyá, wọ́n sì padà sí ọrùn ọwọ́ wọn.

Ó dùn mí, n ò ní parọ́. Àmọ́ ẹ rántí bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí. Bàbá ń wẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní kí Rúkáyá bá àwọn gé irùngbọ̀n. Wọ́n ń jẹun láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ pè mí, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní Kúdí, ọkọ mi dé láti ìrìn àjò. Mo jókòó sínú òtútù yìí, mo sunkún ayọ̀. Mo rò pé mo ti ṣe nǹkan kan.

Nígbà tó yá, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láràárọ̀ pé ṣé a ti ń lọ? Bí ẹ bá ní lọ síbo, wọ́n á ní sọ́dọ̀ ọkùnrin tó po lọ́fínńdà náà, àwọn fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn títí pé àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n bínú, wọ́n ní ẹ ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé àwọn ti dàgbà. Ẹ rò ó pé bí wọ́n bá rí ọjà Ìfọ̀, ọkàn wọn á balẹ̀, ẹ wọ aṣọ fún wọn, ẹ̀yin àti Rúkáyá mú wọn lọ.

Ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà, obìnrin kan ló ń ta ìbòrí fóònù níbẹ̀ báyìí. Rúkáyá ní Bàbá kí obìnrin náà dáadáa, wọ́n ní àwọn wá kọ́ṣẹ́. Obìnrin náà wo ojú yín, ó yé e, ó gbé àga fún Bàbá, ó ní ẹ jókòó, Bàbá, ọ̀gá ń bọ̀. Ọlọ́run á kẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ pe Àáfáà Múkáílà tí òun àti Bàbá jọ ń ta tùràrí, tí ó ṣì ń tà á lódìkejì ọjà. Àáfáà dì mọ́ Bàbá, ó sunkún. Ó ní òun á gbìyànjú kí òun pò ó. Ó ti gbóòórùn rẹ̀ láti ìgbà èwe, ó mọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó pò ó lẹ́ẹ̀kíní, Bàbá rìn lọ, wọ́n rìn padà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ó dára, àmọ́ kì í ṣe òun. Ó tún un pò. Wọ́n ní kì í ṣe òun. Ìgbà tó yá, Àáfáà fa Rúkáyá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ohun tó kù náà, Haúsá kan ló máa ń gbé e wá fún Bàbá nìkan, òun ò rí inú ìdì náà rí. Haúsá náà ò sì wá sí Ìfọ̀ mọ́ tipẹ́tipẹ́.

Mo ń gbọ́ gbogbo èyí lórí fóònù, mo ń ká aṣọ aláìsàn. Kí ni mo lè ṣe? Màámi, bí ẹnì kan bá ń rì sómi ní Ìfọ̀, ẹni tó wà ní Kánádà lè pariwo, kò lè na igi sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àárọ̀ ọjọ́ náà, torí òun ni ẹ ń tìtorí rẹ̀ sá fún mi. Ẹ ti kírun àsùbáà, ẹ jókòó, oorun gbé yín lọ. Géètì ò ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá mú ìgò lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n jáde. A ò mọ bí wọ́n ṣe dé Ìbàfò títí dòní, bóyá ẹnì kan gbé wọn ni, bóyá ẹsẹ̀ ni. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ ibẹ̀ ló rí wọn, òun náà ló sọ gbogbo rẹ̀ fún yín.

Ó ní àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó ti tò síbẹ̀, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Bàbá ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. Wọ́n ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́. Àwọn kan rò pé owó ni wọ́n ń tọrọ, wọ́n fún wọn ní owó, Bàbá dá a padà. Àwọn kan rò pé oògùn ni, wọ́n sá, ọkùnrin kan tì wọ́n, ó ní kí wọ́n gbé àṣejù wọn lọ síbòmíràn. Àwọn kan tó ń bọ̀ láti ìsìn òru ní Kámpù ìjọsìn àwọn onígbàgbọ́ rò pé òróró àdúrà ni, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń ṣe àmín. Ó ní Bàbá kán an fún gbogbo wọn, wọ́n ní kí wọ́n rìn lọ díẹ̀, kí wọ́n rìn padà, kí wọ́n tó gbé e sí imú. Bí ẹni náà bá padà dé, wọ́n á bi í pé ó dára, àbí kò dára? Á ní ó dára, Bàbá. Wọ́n á wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ẹni tó pò ó?"

Obìnrin náà ní òun náà na ọwọ́, nítorí pé Bàbá mọ́ tónítóní, ojú wọn ò sì jọ ti ẹni tó fẹ́ ṣe ibi. Lẹ́yìn náà ló mú wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì rẹ̀ títí àwọn bàbá mọ́ṣáláṣí fi dé, tí ẹ̀yin náà fi dé láìwọ bàtà. Bàbá na ìgò náà sí yín. Ó ti gbẹ. Wọ́n ní, "Mo ti bi gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

Ọkọ̀ ti kó àwọn tó na ọwọ́ lọ.

Màámi, ta ni kí n bínú sí? Ṣé oorun ni? Ẹ ò fi ojú kan oorun láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé Bàbá ni? Ohun tí wọ́n ṣe ní gbogbo ayé wọn ni wọ́n tún ṣe. Ṣé ara mi ni, tí mo fi ránṣẹ́? Mo ti gbìyànjú ìyẹn náà, kò ṣe mí láǹfààní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi mọ́. Bí ọkọ̀ bá gbá wọn lójú títì márosẹ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ mú wọn padà wá sílé láàyè. Ìgò ló gbẹ.

Rúkáyá ní ẹ ò fọ bùbá tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà, pé ẹ dì í sínú ọ̀rá nítorí pé díẹ̀ kán sí apá rẹ̀, ẹ fẹ́ tọ́jú rẹ̀ dè mí. Àmọ́ ó ní nígbà tí òun ṣí ọ̀rá náà lọ́jọ́ kan, òórùn káńfọ̀ inú àpótí nìkan ló gbọ́. Ó ní kí n má sọ fún yín. Mo sọ ọ́, kí ẹ lè fọ aṣọ náà, kí Bàbá lè rí i wọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, Màámi.

Èmi náà ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà níbí. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n ṣàpèjúwe ohun tí mò ń wá. Mo ṣàpèjúwe rẹ̀ títí, ó ń gbé ìgò wá lẹ́yìn ìgò, gbogbo wọn dára, kò sí èyí tó mọ ilé wa nínú wọn. Nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: mo lè ka ohun tó wà nínú ti Bàbá lórí, míísíkì, ọsàn, igi Òkè Ọya, bí ẹni ń ka súrà, síbẹ̀ imú mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kan á dé tí nǹkan míì á ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá ní òun nìyí, kò sì ní jẹ́ òun. N ò ní mọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí lẹ́tà yìí jáde síta. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ibùdókọ̀ Ìbàfò láàárọ̀ yẹn, tí bàbá àgbà kan tó wọ bùbá funfun kán nǹkan sí lọ́rùn ọwọ́, kì í ṣe oògùn, kì í ṣe òróró àdúrà. Lọ́fínńdà bàbá mi ni, ẹ̀yin ni ẹ lo ìkẹyìn rẹ̀. N ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, mo mọ̀ pé omi ìwẹ̀ ti gbé e lọ láti alẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ bí ó bá rán yín létí nǹkan kan bí ọkọ̀ ṣe ń gbé yín lọ sí Èkó, bóyá ilé ẹnì kan ni, bóyá ojú ẹnì kan ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Màámi, Bàbá ò béèrè ọkùnrin náà mọ́. Rúkáyá ní wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, wọ́n kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ọ̀nà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí ẹ lọ wo ọbẹ̀ tí kò sí lórí iná, Rúkáyá fi fóònù sí wọn létí. Wọ́n béèrè pé ta ni. Mo ní Kúdírátù ni, Bàbá. Wọ́n ní láti ibo? Mo ní láti Kánádà. Wọ́n ní ibẹ̀ mà jìnnà o, ṣé mo ní ìyá, ṣé mo ní bàbá? Mo ní mo ní àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àlejò, ohùn wọn ò yí padà rárá. Wọ́n ní kí òtútù ibẹ̀ má pa mí, kí n má fi iṣẹ́ òkèèrè ṣòfò. Wọ́n wá ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí bàbá mi fi ojú kàn mí kó tó kú.

Mo ní àmín, Bàbá.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Ẹ bá mi kí Àáfáà Múkáílà bí ẹ bá dé Ìfọ̀, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin oníbúrẹ́dì ní Ìbàfò. Ọlọ́run á fún yín lókun tí ẹ ó fi tọ́jú ẹni tó ń tọ́jú wa tẹ́lẹ̀, oorun á kùn yín láìsí ewu, ilẹ̀ á máa mọ́ bá yín ní àlàáfíà. Bí mo bá pè lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e. Kò pọn dandan kí a sọ nǹkan kan. Ẹ kàn jẹ́ kí n gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí.

Èmi ni,
Kúdírátù, ọmọ yín.